Ìlú Tí Kò Sí Aláìsàn

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Àwẹ̀ró. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Akíni, ẹ̀rọ ìjọba tó ń kí èèyàn, ló ń sọ̀rọ̀ lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń sọ ọ́ láràárọ̀ ní gbogbo ilé tó wà ní Òkè-Àfọ̀n. Ohùn rẹ̀ tutù, ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́. Màmá Àwẹ̀ró jókòó sórí àga, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi tútù, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ti wú débi pé bàtà kankan ò gbà á mọ́. Kò fojú ba oorun lóru àná, nítorí èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín sí ògiri bí ẹni pé ògiri ní ojú.

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara le koko."

Iná kékeré tó wà lórí Akíni tàn, àwọ̀ ewé. Irú rẹ̀ kan náà tàn síta, lókè ilẹ̀kùn, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Ó parí nìyẹn. Ìjọba ti gbọ́ pé ara Màmá Àwẹ̀ró le koko.

Fadérera, ọmọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá nínú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun, ó ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wo iná. Ọdún kọkànlá rèé tó ti jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn Òkè-Àfọ̀n, kò sì sí àárọ̀ kan báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn ún.

"Màmá, ẹ̀ bá sọ òótọ́ fún un."

"Òótọ́ wo? Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Ṣé wọ́n á kí èèyàn láàárọ̀ tán, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn? Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀?"

Ẹ má bá Màmá Àwẹ̀ró wí. Ní ilẹ̀ wa, bí ilé èèyàn bá ń jó lọ́wọ́ tí ẹnì kan kọjá tó ní ṣé àlàáfíà ni, "a dúpẹ́" lonílé á kọ́kọ́ sọ kó tó bèèrè omi. Ẹni tí orí ń fọ́ á ní a dúpẹ́. Ẹni tó ti ń kú lọ á ní ó ti sàn díẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn. Àwọn tó ṣe Akíni kò mọ èyí, tàbí kẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò lè búra sí i.

Ilé ìwòsàn ìlú náà ní ilẹ̀kùn méjì. Akíni wà lára ti iwájú, nítorí náà kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, àwọn kan á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká bí ẹni tó ń toko bọ̀, àwọn kan á gbé agbọ̀n bí ẹni tó wá ta ata. Àwọn méje nínú wọn ló ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ yìí ní ń bá a ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò rí i, ká máa gbẹ́ ilẹ̀. Nínú ìwé, "àlejò" ni Fadérera kọ síwájú orúkọ méjèèje, ti ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé lọjọ́ náà. Baálẹ̀ ìlú fúnra rẹ̀ ló wà lórí ibùsùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, rọ́bà méjì lápá rẹ̀, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, nígbà tí Fadérera gbọ́ ohùn Akíni níwájú.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Inú ń run mí, mi ò sùn dáadáa, ọrùn tún ń dùn mí," ni ẹni tó wọlé dáhùn láìdúró rárá. Iná tàn, àwọ̀ ọsàn. Kí Fadérera tó rí ojú rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ará Gbàgede ni, ìlú tí wọn kì í fi àìsàn pamọ́.

Adégòróyè ni orúkọ rẹ̀, aláyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ìlera ìpínlẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì lẹ́kọ̀ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó jókòó. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ní awakọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo wá jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń lọ sí Gbàgede ní Ọjọ́bọ̀."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ẹni tó ń lò ó níbí." Ó fi ìka kan tábìlì, àwòrán ìpínlẹ̀ sì tàn sórí rẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná tirẹ̀. "Ọdún mẹ́fà nìyí, ẹ wò ó. Ewé, ewé, ewé. Òkè-Àfọ̀n ò ní ẹyọ aláìsàn kan."

"Èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ kí n ka orúkọ wọn fún yín."

Adégòróyè yára na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á. Tẹ́ ẹ bá kà á, mo gbọ́dọ̀ fi ẹjọ́ yín sùn. Òfin Ẹnu Ara Ẹni. Ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n. Láyé àwọn ìyá wọn, dókítà ló ń kọ iye aláìsàn ránṣẹ́ sí ìjọba, àwọn ilé ìwòsàn kan sì wà tó jẹ́ pé òkú wọn ṣì ń gba abẹ́rẹ́ lọ́dún kẹta tí wọ́n ti sin ín. Ìjọba bínú. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu aláìsàn nìkan lòun óò máa gbọ́. Òfin náà mọ́gbọ́n dání, ẹ ò lè rí i bú. Àwọn tó ṣe é kàn gbàgbé pé ẹnu èèyàn kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo.

"Tọdún yìí tún le," ni Adégòróyè wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ lórí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ti já wálẹ̀, ìdìbò sì ku oṣù mẹ́rin. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní ta ló ń pariwo. Ará Gbàgede bá sín lẹ́ẹ̀kan, ó ti sáré lọ bá Akíni. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń rán wọn létí láràárọ̀ pé kí wọ́n má gbàgbé láti ráhùn. Ẹni tó ń ráhùn, tó tún ń dìbò, kò sí gómìnà tó lè ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́ ọ."

"Àwọn tibí náà ń dìbò."

"Wọ́n ń dìbò, mà. Àmọ́ ara wọn le."

Fadérera ò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú kó rẹ́rìn-ín àti kó gbá a létí. Kò ṣe ìkankan. Ó bi í bóyá ọ̀nà mìíràn wà.

"Ó wà. Nígbà tí ìwé bá ti jáde báyìí, ohun tẹ́ ẹ bá sọ nínú ilé ò já mọ́ nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, a máa gbé Akíni ńlá sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú. Bí ẹnì kan péré tó ń lo ẹ̀rọ yìí bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, òfin ò ní jẹ́ ká gbé e fún ọdún kan gbáko. Ẹnì kan péré, mà." Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀nà kejì jẹ́ tiyín nìkan. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ yìí lò bíi tiyín. Ẹ bá a lọ sí Gbàgede. Ilé wà fún yín. Ìyá òṣìṣẹ́ á sì máa gba ìtọ́jú lábẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́, kò nílò kó sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ pé ẹ ní ìyá."

"Gbogbo èèyàn ló ní ìyá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó dìde. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aṣọ ìkélé. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Àlejò ni."

"Ẹ ǹlẹ́ o," ni Adégòróyè wí sí aṣọ ìkélé náà. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"A dúpẹ́," ni Baálẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí ohùn padà kí wọ́n má baà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìró bàtà aláyẹ̀wò ti lọ tán, Fadérera fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Baálẹ̀ ń wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó ń yí nínú rọ́bà.

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ni ó wí. "Gbé ìyá ẹ, kí ẹ máa lọ."

"Baba, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọgọ́rin ọdún ti kọjá lórí mi. Mi ò ní bínú sí ọ."

"Àwọn yòókù ò tíì pé ọgọ́rin ọdún. Ìyàwó Táíwò tó ń ránṣọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Ẹ̀yin ni bàbá gbogbo wa. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ kan péré lọ́jọ́ náà, ó ti tán."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Èmi tí mo bá gómìnà bọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lórí ìlú tí ara wọn le jù?"

Òótọ́ ni. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà ló wà nínú gbọ̀ngàn ìlú, tí wọ́n ń nù láràárọ̀ Sátidé. Lọ́dún kìíní, màlúù méjì ni wọ́n pa. Lóṣù kejì rẹ̀, ìjọba gba ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn padà. Wọ́n gba ife kejì, dókítà lọ. Lẹ́yìn ti ẹ̀kẹrin, wọ́n ti yàrá oògùn pa, ìlú sì tún jó. Ọwọ́ ọ̀tún ń gba ife, ìjọba ń gba oògùn kúrò ní tòsì, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé ṣé kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Àfi Fadérera. Òun náà jó lọ́dún kìíní, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bọ́látitó, ọmọ Fadérera, wọlé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Sọ́ńdè mẹ́ta ló kù sí ìdána rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Olóyè Ògúnmọ́dẹdé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó wú.

"Màmá àgbà, ẹsẹ̀ yìí ò tíì lọ?"

"Ẹsẹ̀ àgbà ni. Lọ gbé oúnjẹ ẹ."

Nígbà tó wọ ilé ìdáná, Fadérera jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ Gbàgede fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ojú Màmá Àwẹ̀ró tàn.

"Ọlọ́run ti dáhùn. Kí lò ń rò?"

"Àwọn mẹ́fà yòókù ni mò ń rò. Tíṣà Ọládòsù ló kọ́ mi ní ìwé, Màmá. Òun ló gbé mi pọ̀n dé ilé lọ́jọ́ tí mo ṣẹ́sẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣé Tíṣà ò lẹ́nu ni? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ."

"Ẹ̀yin náà lẹ́nu."

Màmá Àwẹ̀ró wo ọ̀nà ilé ìdáná kó tó dáhùn. "Ìdílé Ògúnmọ́dẹdé ń wádìí wa lọ́wọ́. Níjẹta, obìnrin wọn kan dúró lójú títì, ó ń wo iná ilẹ̀kùn wa. Àwọ̀ ewé ló bá níbẹ̀. Fadérera, àrùn tó ń ṣe mí yìí, ó ṣe ìyá mi, ó ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá jáde lọ sọ ọ́, kì í ṣe èmi nìkan ni mo sọ. Ta ló máa wá fẹ́ ọmọ yẹn? Ó sàn kí n kú ju kí n dí ọ̀nà ọmọ ọmọ mi."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Kó bá mi dákẹ́."

Ìwé kan wà lábẹ́ aṣọ Fadérera nínú àpótí, ọdún méjì rèé tó ti wà níbẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀, ó fi sínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ó sì rí i pé kíndìnrín tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò sọ fún ẹnì kan. Láràárọ̀ ni Akíni ń kí i, láràárọ̀ sì ni mátírọ́ọ̀nù wa tó ń bá ìyá rẹ̀ wí ń dáhùn pé a dúpẹ́.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, gbogbo ìlú jáde. Akíni ńlá ga tó èèyàn, wọ́n gbé e sí abẹ́ igi àfọ̀n níwájú gbọ̀ngàn. Olóyè Ògúnmọ́dẹdé jókòó níwájú nínú agbádá funfun, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n ní àwọn wá bá àna kẹ́dùn ẹ̀rọ tó ń lọ. Adégòróyè ka ìwé. Ó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lò ó wá sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, ilé sí ilé.

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Akíni kí i. Ó ní a dúpẹ́. Tíṣà Ọládòsù di ọ̀pá mú, ó ní a dúpẹ́, ara le. Ìyàwó Táíwò aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Bọ́látitó di ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nínú sálúbàtà ọkùnrin tí wọ́n lọ yá.

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ni Màmá Àwẹ̀ró wí.

Fadérera ń kà á lọ́kàn. Méjèèje ti dúpẹ́ tán. Adégòróyè wò ó láti òkèèrè, ó gbé ìwé iṣẹ́ Gbàgede dání, ibi tí yóò tẹ̀ka sí hàn kedere. Ìka kan péré. Ìyá rẹ̀ á yè, ọmọ rẹ̀ á lọ́kọ, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ nǹkan kan. Ìyàwó Táíwò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tún ìró rẹ̀ ró, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló dun Fadérera jù.

"Ó ku mátírọ́ọ̀nù," ni Adégòróyè wí.

Ó dìde lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Mátírọ́ọ̀nù Fadérera. Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dú," ni ẹnu rẹ̀ wí fúnra rẹ̀. Ó dá a dúró. "Rárá. Kì í ṣe àlàáfíà."

Akíni bi í pé kí ló ń ṣe é.

"Kíndìnrín mi ló ń kú. Ọdún méjì rèé tí mo ti mọ̀. Àrùn ìdílé wa ni, òun ló pa ìyá ìyá mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi wà níbẹ̀ yẹn, òun náà ò mọ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí?"

Ọ̀rọ̀ kan ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ á dúró sí Òkè-Àfọ̀n. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì rí i pé irọ́ ni, bí àwọn dókítà ayé àtijọ́. Ìlú tó bá purọ́ ò ní rí oògùn ẹ̀fọ́rí gbà mọ́.

"Rárá," ni ó wí. "Ó di bí ọdún kan sí i."

Adégòróyè tẹ orí ba. Kò tó.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń wọ́ sálúbàtà bọ̀ lórí yanrìn. Màmá Àwẹ̀ró ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Bọ́látitó, òun nìkan ló ń bọ̀. Ó dúró níwájú ọmọ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo Akíni.

"Ọdún méjì? Àràárọ̀ ni mò ń bi ọ́ bó o ṣe jí."

"Mo sì ń sọ fún yín pé a dúpẹ́, Màmá."

Ìyá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fadérera, ó sì yíjú sí Akíni.

"Màmá Àwẹ̀ró," ni Akíni wí, "a ti gbọ́ tiyín."

"Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún yín, láti ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rọ yẹn ló gbé ẹ̀mí mi ró. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì. Àná ni mo sọ pé ó sàn kí n kú. Ó ti wá di pé ọmọ mi náà ló máa kú pẹ̀lú mi. Ẹ ò ní gbé e."

Iná Akíni ńlá pọ́n. Adégòróyè mú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sínú àpò, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Ọkọ̀ náà yípadà, ó lọ ní òfìfo bó ṣe wá. Tíṣà Ọládòsù ti dìde, ó ní àwọn fẹ́ sọ tàwọn lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó Táíwò tẹ̀lé e. Baálẹ̀ ló ṣe ìkẹyìn. Ó ṣí fìlà kó tó sọ̀rọ̀.

Olóyè Ògúnmọ́dẹdé jókòó títí gbogbo wọn fi sọ tán, nítorí ọmọlúàbí ni. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wá bá Fadérera. Kò pè é ní àna.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kú ìjókòó. Ọlọ́run á wò yín sàn. A máa ránṣẹ́ sí yín."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí "a máa ránṣẹ́" ń sọ. Fadérera kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, kò rí Bọ́látitó mọ́.

Ilé ìwòsàn ló ti bá a, ó jókòó sórí àga níwájú tábìlì. Ó ti sunkún tán, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni Bọ́látitó wí. "Nínú ilé kan náà."

"Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo ba nǹkan ẹ jẹ́."

"Mi ò sọ ti ọkọ." Ó gbé ojú sókè wò ó. "Mọ́mì, ṣé èmi náà ní i?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò dán an wò rí." Fadérera jókòó tì í. "Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Bọ́látitó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká, ó na apá sórí tábìlì. Fadérera fọ ọwọ́, ó so rọ́bà mọ́ apá ọmọ rẹ̀, ó wá iṣan pẹ̀lú ìka. Ogún ọdún ló ti ń fa ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, kò tíì fa ti ọmọ rẹ̀ rí.

"Má wo abẹ́rẹ́ náà," ni ó wí.

Ṣùgbọ́n Bọ́látitó ń wò ó.